Ta Ni Ó Ni Ojú Ilé? Àwọn Ilé Gidi Tí Wọ́n Fi Ṣe Ilé Ìdílé Inú Eré Àwàdà Orí Tẹlifíṣàn ní Amẹ́ríkà

Ìfáàrà

Ọ̀kan nínú àwọn ohun tí àwọn onímọ̀ ìtàn kì í sábà kà sí ẹ̀rí ni àwòrán ìta ilé tí ó máa ń hàn fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan kí ìran tuntun tó bẹ̀rẹ̀ nínú eré àwàdà orí tẹlifíṣàn. Ilé kan yóò hàn. Orin díẹ̀ yóò dún. Lẹ́yìn náà ni òǹwòran yóò bá ara rẹ̀ nínú pálọ̀ níbi tí bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ ti ń fa ọ̀rọ̀ láàárín ara wọn. Kò sí ẹni tí ó sọ fún òǹwòran pé inú ilé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ni pálọ̀ yìí wà. Òun fúnra rẹ̀ ni ó so méjèèjì pọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn eré tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí, inú sítúdíò ni pálọ̀ wà, ilé sì wà ní àdúgbò mìíràn, nígbà mìíràn ní ìlú mìíràn pátápátá, ẹlòmíràn ni ó ń gbé inú rẹ̀, tí ó ń san owó orí rẹ̀, tí ó sì ń gbá àgbàlá rẹ̀.

Ó rọrùn láti ka irú àwòrán bẹ́ẹ̀ sí ọ̀ṣọ́ lásán. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ yàtọ̀ sí ìyẹn. Ojú ilé jẹ́ ohun tí àwọn olùgbéréjáde yá fún ọjọ́ kan péré, ṣùgbọ́n tí kò padà sọ́wọ́ onílé mọ́ bí ó ti wà tẹ́lẹ̀; agbára tí onílé kọ̀ọ̀kan sì ní láti kọ ojú ìjà sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yìí kò dọ́gba. Ẹni tí ó ni ilé rẹ̀ tí ó sì mọ bí wọ́n ti ń jà lè kọ̀. Ẹni tí ó jẹ́ ayálégbé ìjọba, kò sí ẹni tí ó bi í léèrè.

Èdè Yorùbá kò ya ilé tí wọ́n fi amọ̀ tàbí bíríkì kọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ilé tí í ṣe ẹbí. Ẹni tí Yorùbá bá bi pé ọmọ ilé wo ni, kì í ṣe nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà ni yóò fi dáhùn. Orúkọ àwọn tí ó bí i ni yóò dá. Ohun tí kámẹ́rà ṣe ní Amẹ́ríkà ni pé ó ya ìtumọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀: ó gba ògiri lọ́wọ́ àwọn ènìyàn kan, ó sì fi í fún ẹbí tí kò sí láyé.

Láti orí ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ fíìmù bọ́ sí àdúgbò

Ìdí tí wọ́n fi nílò ojú ilé rárá wà nínú ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ya eré àwàdà. Nígbà tí I Love Lucy bẹ̀rẹ̀ ní 1951, Desi Arnaz àti Karl Freund, ọ̀gá nínú iṣẹ́ kámẹ́rà, fi ẹsẹ̀ ètò kan múlẹ̀: kámẹ́rà mẹ́ta ń ya eré lẹ́ẹ̀kan náà sórí fíìmù, àwọn òǹwòran sì jókòó níwájú tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Yàrá inú irú eré bẹ́ẹ̀ kì í ní ju ògiri mẹ́ta lọ. Ibi tí ìkẹrin ìbá wà ni àwọn òǹwòran jókòó sí. Ẹ̀rín wọn ni èrè ètò náà. Ohun tí ó fi san owó rẹ̀ ni ìta, nítorí kò ṣeé ṣe láti kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé kan kí òṣèré lè ti ibẹ̀ wọlé. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ya ìta sọ́tọ̀, lọ́pọ̀ ìgbà láìsí òṣèré kankan níbẹ̀, tí wọ́n sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìran. Ní ti I Love Lucy, àdírẹ́ẹ̀sì lẹ́nu àwọn òṣèré fẹ́rẹ̀ẹ́ tó: 623 East 68th Street, ní New York. Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ rìn lọ wá nọ́ńbà yẹn yóò bọ́ sínú odò East River kí ó tó dé ibẹ̀.

Ní ìgbà náà, ilé-iṣẹ́ fíìmù fúnra wọn ni wọ́n ń kọ́ iwájú ilé sórí ilẹ̀ wọn. Ilé ìdílé Cleaver nínú Leave It to Beaver (1957–1963) àti ilé àwọn iwin inú The Munsters (1964–1966) jọ wà ní òpópónà kan náà lórí ilẹ̀ Universal ní Los Angeles. Irú ilé wọ̀nyí ní iwájú, wọn kò ní inú; ẹni tí ó bá yípo lọ sí ẹ̀yìn, igi tí wọ́n fi ti ògiri ni yóò rí. Wọ́n ní àǹfààní kan tí ẹnikẹ́ni kò kà sí nígbà náà: kò sí ẹni tí ń sun inú wọn, nítorí náà kò sí ẹni tí ariwo lè jí.

Láti 1969 títí di àárín àwọn ọdún 1990 ni ọ̀nà kejì gbilẹ̀, èyí tí ó mú kámẹ́rà jáde lọ sí àdúgbò. Owó tí ó ń ná wọn kò tó nǹkan. Àwọn ayàwòrán díẹ̀ yóò lọ sí iwájú ilé kan, wọn yóò yà á ní ọ̀sán, wọn yóò dúró títí ilẹ̀ yóò fi ṣú kí wọ́n lè yà á pẹ̀lú iná nínú fèrèsé, wọn yóò sì kó ẹrù wọn lọ. Àjákù fíìmù bẹ́ẹ̀ lè ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́jọ. Ẹni tí ó bá farabalẹ̀ wò ó yóò rí i pé àwọn ọmọ inú eré ń dàgbà, ohùn wọn ń yí, ṣùgbọ́n igi tí ó wà níwájú ilé wọn kò fi ìka kan ga sí i.

Òfin pàápàá wà lẹ́yìn kámẹ́rà. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe òfin ní 1990 láti dáàbò bo iṣẹ́ àwọn ayàwòrán-ilé kí ẹlòmíràn má bàa jí i ṣe, wọ́n yọ ohun kan sílẹ̀ nínú rẹ̀: bí ilé bá ṣeé rí láti ojú títì, ẹni tí ó ya àwòrán rẹ̀ kò ṣẹ ẹni tí ó ni iṣẹ́ ọnà ilé náà. Àwọn olùgbéréjáde máa ń bá onílé ṣe àdéhùn, wọ́n sì ń san owó díẹ̀, pàápàá bí wọn yóò bá dúró lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ọjọ́ tí wọ́n fi ya ilé ni owó náà wà. Kò sí owó fún ogójì ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Òpópónà Dilling

Ilé tí ó fi gbogbo ọ̀rọ̀ yìí hàn jù lọ ni ti ìdílé Brady. The Brady Bunch bẹ̀rẹ̀ lórí ABC ní 1969, ó sì parí ní 1974. Ọkùnrin kan tí aya rẹ̀ ti kú, tí ó ní ọmọkùnrin mẹ́ta, fẹ́ obìnrin tí òun náà ní ọmọbìnrin mẹ́ta. Gbogbo wọn pẹ̀lú ọmọ-ọ̀dọ̀ wọn ń gbé abẹ́ òrùlé kan. Ayàwòrán-ilé ni Mike Brady, bàbá wọn. Ìdí nìyí tí Sherwood Schwartz, ẹni tí ó dá eré náà sílẹ̀, fi yan ilé kan ní Òpópónà Dilling, ní Studio City, Los Angeles: lójú rẹ̀, ó jọ ilé tí ayàwòrán-ilé lè máa gbé. Ní 1959 ni wọ́n kọ́ ọ. Ìṣòro kan wà. Ilé tí wọ́n fi pákó kàn sínú sítúdíò Paramount ní àkàsọ̀ gbòòrò tí àwọn ọmọ ń sáré gùn lọ sí yàrá òkè. Ilé Dilling ní tirẹ̀ kò ga tó bẹ́ẹ̀. Àwọn olùgbéréjáde wá fèrèsé èké kan, wọ́n so ó mọ́ ògiri lókè lápá òsì ẹnu ọ̀nà, wọ́n ya àwòrán wọn, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Fèrèsé yìí tó ohun tí ènìyàn lè dúró lé lórí díẹ̀. Kò sí yàrá lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè ti ibẹ̀ yọjú. Síbẹ̀ òun ni ó mú òǹwòran gbà pé ọmọ mẹ́fà rí ibi sùn nínú ilé náà. Yorùbá ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ìrì ogójì ọdún sẹ̀ sórí irọ́ kékeré yìí, kò wó. Ilé gidi ni ó kàn tí ó ní láti tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ní 1973, nígbà tí eré náà ṣì ń lọ lọ́wọ́, tọkọtaya kan ra ilé náà ní 61,000 dọ́là, ọwọ́ ìdílé wọn ni ó sì wà títí di 2018. Eré tí ó parí ní 1974 kò parí ní ti gidi, nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn káàkiri Amẹ́ríkà ń tún un fi hàn ní ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́ nígbà tí àwọn ọmọdé bá ti ilé ìwé dé. Àwọn ọmọ wọ̀nyí dàgbà, wọ́n ra ọkọ̀, wọ́n sì ń wá wo ilé. Àwọn onílé mọ ògiri kúkurú sí iwájú. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe fíìmù The Brady Bunch Movie, èyí tí ó jáde ní 1995, wọ́n fẹ́ kí ilé náà padà sí bí ó ti rí ní 1969, onílé kọ̀. Ní ìkẹyìn, iwájú ilé àtọwọ́dá ni wọ́n kọ́ bo ilé mìíràn tí kò jìnnà síbẹ̀. Ìyẹn ni pé ilé tí wọ́n yá nítorí pé ó jẹ́ gidi kò jọ ara rẹ̀ tó mọ́ lójú àwọn tí ó yá a.

Onílé tí ó kọ̀

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ The Mary Tyler Moore Show (1970–1977) wọ inú ìtàn yìí bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin tí kò lọ́kọ ni eré náà dá lé lórí, kì í ṣe ìdílé. Ìdílé Phyllis, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ṣáà ń gbé inú ilé kan náà. Ilé tí wọ́n yà wà ní Kenwood Parkway, ní Minneapolis, ilé ńlá tí wọ́n kọ́ ní 1892. Àwọn òǹwòran ń wá kan ilẹ̀kùn pé àwọn ń wá Mary. Nígbà tí àwọn ayàwòrán tún fẹ́ wá ya ilé náà sí i, ẹni tí ó ni ín ta asia ńlá sí ojú fèrèsé tí ó mọ̀ pé wọ́n fẹ́ yà, ó sì kọ ọ́ sí i pé kí wọ́n yọ Ààrẹ Nixon nípò. Kò sí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn tí yóò fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ìbẹ̀rẹ̀ eré àwàdà. Ní 1975, Mary kó kúrò níbẹ̀ nínú ìtàn, ó sì lọ ń gbé ilé gogoro kan ní ìlú náà.

Nínú gbogbo ìtàn tí iṣẹ́ yìí yẹ̀ wò, èyí ni ó sún mọ́ ìṣẹ́gun onílé jù lọ. Ohun tí onílé náà ṣe jinlẹ̀ ju ìbínú lọ. Ó mọ̀ pé òun kò lè dá kámẹ́rà dúró lójú títì, nítorí náà ó sọ ojú ilé di ohun tí kámẹ́rà kò lè lò. Ọ̀rọ̀ ni ó fi lé ọ̀rọ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀ náà, àwọn àlejò kò yé wá.

Ibi tí eré sọ àti ibi tí ilé wà

Ó tún ku ọ̀rọ̀ ìlú. Ìdílé Bunker nínú All in the Family (1971–1979) ní Astoria ni àwọn ń gbé, ní Òpópónà Hauser. Òpópónà náà kò sí, ilé tí ó hàn sì wà ní Cooper Avenue ní Glendale, lápá mìíràn ní Queens. Ìdílé inú Happy Days (1974–1984) ń gbé Milwaukee, níbi tí yìnyín ti ń bọ́. Los Angeles, níbi tí kò ti bọ́, ni ilé wọn wà. The Fresh Prince of Bel-Air (1990–1996) fi orúkọ Bel-Air sínú àkọlé rẹ̀, ṣùgbọ́n Brentwood ni wọ́n ti ya ilé ńlá náà. Èyí tí ó dùn ún rò jù ni ti ìdílé Huxtable, tí àwọn òǹwòran ní Nàìjíríà náà mọ̀ láti orí NTA. Brooklyn ni The Cosby Show (1984–1992) sọ pé wọ́n ń gbé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Brooklyn ni sítúdíò tí wọ́n ti ń ya pálọ̀ wọn wà lóòótọ́, St. Luke's Place ní Manhattan ni ojú ilé wà. Inú sọ òótọ́, ìta ni ó purọ́.

Irú èyí kò mọ sí Amẹ́ríkà. Peckham, níbi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ Yorùbá ń gbé ní London, ni ìdílé Trotter inú Only Fools and Horses ń gbé, ṣùgbọ́n Acton ni ilé gogoro wọn wà, lẹ́yìn náà ni ó sì bọ́ sí Bristol. Basi and Company tí Ken Saro-Wiwa kọ ní àwọn ọdún 1980 sọ pé Òpópónà Adétọ̀lá ní Lagos ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ Enugu ni sítúdíò wà.

Ilé tí ń fara wé tẹlifíṣàn

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí àwọn eré wọ̀nyí ti parí ni ọ̀rọ̀ yí orí padà. Ní 2018, wọ́n gbé ilé Dilling sọ́jà ní 1.885 mílíọ̀nù dọ́là. Olórin Lance Bass kéde pé òun ni òun rí i rà. Kò pẹ́ tí ó gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ ńlá kan ti borí òun. HGTV, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn tí ó ń ṣe ètò nípa ilé àti ọ̀ṣọ́ ilé, ni ó rà á ní 3.5 mílíọ̀nù dọ́là, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì iye tí wọ́n pè é. Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe ni pé kí inú ilé náà di ti inú sítúdíò Paramount. Wọ́n fi nǹkan bí 2,000 ẹsẹ̀ bàtà níbùú lóòró kún un láti ẹ̀yìn kí iwájú má bàa yí padà. Wọ́n kan àkàsọ̀ gbòòrò. Wọ́n wá bébà ara ògiri, àga àti àwo tí ó jọ ti ìgbà náà. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí wọ́n ti ṣe ọmọ nínú eré náà wá bá wọn ṣiṣẹ́, wọ́n sì fi gbogbo rẹ̀ hàn ní 2019 ní abẹ́ àkọlé A Very Brady Renovation.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbí kì í ṣe àtúnṣe sí bí nǹkan ti wà tẹ́lẹ̀, nítorí nǹkan kò wà bẹ́ẹ̀ rí. Pálọ̀ tí ìdílé gidi fi ogójì ọdún jókòó sí, tí wọ́n ti jẹun, tí wọ́n ti gba àlejò, ni wọ́n tú kúrò kí pálọ̀ onípákó lè rí àyè. Ní 2023 ni wọ́n tún ilé náà tà ní 3.2 mílíọ̀nù dọ́là, iye tí kò tó ohun tí HGTV fi rà á, kí wọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ṣírò owó iṣẹ́.

Ní San Francisco, ìjà náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn aládùúgbò. Full House (1987–1995) bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán ìdílé tí ó ń jẹun lórí koríko ní Alamo Square, pẹ̀lú ọ̀wọ́ ilé aláràbarà Òpópónà Steiner lẹ́yìn wọn. Ọ̀pọ̀ òǹwòran sì gbà pé ọ̀kan nínú wọn ni ilé ìdílé Tanner. Òpópónà Broderick ni ilé náà wà ní ti gidi, ilé tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n kọ́ ní 1883. Ní 2016, Jeff Franklin, ẹni tí ó dá eré náà sílẹ̀, fi 4 mílíọ̀nù dọ́là ra ilé tí ó ti yá ojú rẹ̀ lò ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ṣáájú, ó sì ní èrò láti mú inú rẹ̀ bá ti tẹlifíṣàn mu. Àwọn aládùúgbò, tí èrò ti dí ẹnu ọ̀nà wọn, tako ètò náà. Ní 2018, ìgbìmọ̀ tí ń rí sí ìrìnnà ní ìlú náà ka àwọn ọkọ̀ ńlá tí ń kó àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ léèwọ̀ ní apá òpópónà náà. Franklin tà á ní 2020. Ó yẹ kí ó hàn pé ìjọba ìlú yára gbọ́ níbẹ̀. Àdúgbò olówó ni.

Chicago

Ní Chicago, kò sí ẹni tí ó wá tún inú ilé kankan kọ́. Ilé ìdílé Winslow inú Family Matters (1989–1998), eré ìdílé ọlọ́pàá aláwọ̀ dúdú kan, wà ní Wrightwood Avenue. Wọ́n wó o ní 2017, wọ́n sì kọ́ ilé onífúláàtì mẹ́ta sí ipò rẹ̀. Ariwo tí ó tẹ̀ lé e kò pọ̀.

Èyí tí ó wúwo jù ni ti Good Times (1974–1979). Ìdílé Evans jẹ́ tálákà, ilé gogoro ìjọba ni wọ́n ń gbé, àwòrán Cabrini-Green sì ni ó ń hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ eré bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í dárúkọ ẹ̀ṣítéètì náà. Ó ṣe pàtàkì láti sọ pé kì í ṣe àjèjì ni ó gbé ibẹ̀ wá sórí tẹlifíṣàn. Eric Monte, ọ̀kan nínú àwọn méjì tí ó dá eré náà sílẹ̀, Cabrini-Green ni ó ti dàgbà. Esther Rolle àti John Amos, tí wọ́n ṣe ìyá àti bàbá, bá àwọn olùgbéréjáde jà lórí bí wọ́n ti ń sọ J.J., àkọ́bí wọn, di aláwàdà tí kò ní láárí; wọ́n yọ Amos kúrò ní 1976, Rolle sì fi eré náà sílẹ̀ fún sáà kan ní 1977. Ìjà lórí inú ilé nìyẹn. Lórí ìta kò sí ìjà rárá, nítorí ìjọba ni onílé. Àwọn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí ń gbé inú ilé gogoro wọ̀nyẹn kò ní ìwé àdéhùn tí wọ́n lè fọwọ́ sí tàbí kí wọ́n kọ̀. Bí ẹnì kan nínú wọn bá sì ta asia sí ojú fèrèsé rẹ̀, láti ibi tí kámẹ́rà wà, kò lè hàn. Àwòrán náà wá dúró fún ohun tí ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà mọ̀ nípa ilé ìjọba. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wíwó wọn délẹ̀ ní àwọn ọdún 1990, àwọn ilé náà kì í ṣe àjèjì lójú àwọn tí kò fi ẹsẹ̀ tẹ Chicago rí. Ní 2011 ni wọ́n wó èyí tí ó gbẹ̀yìn nínú àwọn ilé gogoro náà.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025 ni wọ́n ṣí National Public Housing Museum ní apá ìwọ̀-oòrùn Chicago, nínú ilé kan ṣoṣo tí ó ṣẹ́ kù nínú Jane Addams Homes, ẹ̀ṣítéètì ìjọba tí ó ti wà láti ìparí àwọn ọdún 1930. Wọ́n tún àwọn fúláàtì kan ṣe níbẹ̀ bí wọ́n ti rí nígbà tí àwọn ayálégbé ń gbé inú wọn ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àga wọn, àwo wọn àti orúkọ ìdílé wọn gan-an.